Iṣẹ́ ọ́fíìsì látàárọ̀, MBA nírọ̀lẹ́: báwo ni wọ́n ṣe ń pa á pọ̀?

Akọ̀wé_Marina:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí. Ọ̀rọ̀ MBA (oyè kejì nínú ìṣàkóso òwò) páàtì-táìmù ni mo gbé wá. Iṣẹ́ báńkì ni, aago mẹ́jọ àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ (lórí ìwé o). Ọ́fíìsì wà ní Marina, ilé wà ní Ìkòròdú, Akókà (UNILAG) ni kíláàsì yóò wà. N kò tíì san kọ́bọ̀. Kí ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ ṣe? Kí ló sì ń mú àwọn kan já a sílẹ̀ láàárín ọ̀nà?

Ònkà_Owó:
Kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù, ẹ ka wákàtí. Ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ wákàtí 168. Iṣẹ́ kó 45. Ìkòròdú sí Marina, àlọ àtàbọ̀, ẹ kọ wákàtí 4 lójúmọ́, 20 nìyẹn. Oorun wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ lójoojúmọ́, ẹ pè é ní 46. Oúnjẹ, ìwẹ̀, aṣọ fífọ̀, ọjà: 21. Ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú ẹbí: 8. Gbogbo rẹ̀ di 140, ó ku 28.

Kọ́ọ̀sì mẹ́ta, kọ̀ọ̀kan wákàtí 3 lọ́sẹ̀, kó 9 nínú 28 yẹn. Wákàtí kan nínú kíláàsì máa ń fẹ́ wákàtí méjì nílé, ìyẹn 18. Ohun tó ṣẹ́ kù kò ju wákàtí kan lọ. Ọmọ ṣàìsàn lọ́jọ́ kan péré, ìṣirò ti dàrú. Ẹni tó bá mú kọ́ọ̀sì mẹ́rin ti jẹ gbèsè wákàtí 8 lọ́sẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀: 12 nínú kíláàsì, 24 nílé, 36 lápapọ̀.

Ohun tó ń mú wọn já a sílẹ̀ nìyí. Kì í ṣe pé ìwé le. Ẹ kọ ti yín sórí ìwé, kí ẹ má fi ẹnu kà á. Bí iye tó kù bá dín ní 27 tí kọ́ọ̀sì mẹ́ta ń fẹ́, ohun kan ní láti kúrò nínú rẹ̀ kí sáà tó wọlé, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ oorun. Ẹni tó fi oorun san gbèsè yóò máa ka ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mẹrin láìmọ ohun tó kà.

Ìyá_Ìbejì_Ìkòròdú:
Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n Ònkà, ṣùgbọ́n ìrìn kíláàsì kì í fi wákàtí púpọ̀ kún ti ojú ọ̀nà yẹn. Akókà wà lójú ọ̀nà ilé. Ẹni tó bá kúrò ní Akókà ní aago mẹ́jọ alẹ́ yóò bá ọ̀nà Ìkòròdú tó ti ń fúyẹ́ ju bó ṣe rí ní aago mẹ́fà lọ.

Ibi tó le ni Marina sí Akókà. Kíláàsì aago márùn-ún ààbọ̀ kò ṣeé bá fún ẹni tó bá kúrò ní Marina ní aago márùn-ún, pàápàá lọ́jọ́ Fráídè. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni kí ẹ ti máa kúrò ní Marina bọ́ sórí afárá Third Mainland. Kí ẹ bá ọ́fíìsì sọ èyí kí ẹ tó san owó, kí ó má di ohun tí ẹ ń yọ́ ṣe.

Ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú dára láàárọ̀. Ẹ má gbára lé e fún àbọ̀, torí wọn kì í wa ọkọ̀ ojú omi lálẹ́. Nítorí náà, lọ́jọ́ kíláàsì, ẹ fi mọ́tò yín sílẹ̀ nílé: ọkọ̀ ojú omi tàbí BRT lọ, BRT bọ̀. Bí kíláàsì bá wà lálẹ́ méjì tó tẹ̀ léra, ẹ wá ìbátan kan ní Yábàá tàbí Ṣómólú tí ẹ lè sùn sí lálẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo o, ẹ máa ra oúnjẹ wọ ilé wọn.

Ohun kejì: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kí ẹ jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti kàwé. Ará Ìkòròdú tó ń ṣiṣẹ́ ní Marina ti wà lójú ọ̀nà ní aago márùn-ún kọjá. Ẹ lo ohun tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ti fún yín. Ẹni tó bá dé ọ́fíìsì ní aago méje kí ó ka ìwé lórí tábìlì rẹ̀ di aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó tó ṣí kọ̀ǹpútà iṣẹ́. Ìṣẹ́jú 50 lọ́nà márùn-ún ju wákàtí mẹ́rin lọ lọ́sẹ̀, iná àti ẹ̀rọ amúlétutù sì jẹ́ ti ọ́fíìsì.

Ọmọ_Agége:
Fún àwọn tó ń gbé apá tiwa: ọkọ̀ ojú irin Red Line, Agbado sí Oyingbo, dúró ní Yábàá. Ẹ wo àkókò tí ọkọ̀ ìkẹyìn ń lọ kí ẹ tó fọkàn sí i fún àbọ̀. Blue Line kò kan ọ̀rọ̀ Akókà, Marina sí Mile 2 ni tirẹ̀.

Ọ̀gá_Òṣìṣẹ́:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ́fíìsì, torí ibẹ̀ ni mo rí ojú rẹ̀ sí jù.

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà kò fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ìwé kíkà. Ohun tó fi dandan lé, fún òṣìṣẹ́ tí òfin náà kàn, ni ìsinmi ọdọọdún: ọjọ́ iṣẹ́ 6 ó kéré tán lẹ́yìn oṣù 12. Ohunkóhun tó bá lé ní ìyẹn, inú ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín ló wà. Ẹ lọ kà á. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní ìsinmi ìdánwò nínú ìwé ìlànà wọn tí òṣìṣẹ́ kò mọ̀ pé ó wà.

Ká ní ọjọ́ 20 lẹ ní. Ẹ pín in báyìí: ọjọ́ 5 ṣáájú ìdánwò sáà kìíní, 4 fún ọjọ́ ìdánwò gan-an, bẹ́ẹ̀ náà ni sáà kejì. Ìyẹn 18. Ẹ fi 2 pamọ́ fún wàhálà. Báńkì púpọ̀ ló máa ń fi dandan lé kí òṣìṣẹ́ lọ sinmi fún ọjọ́ 10 tó tẹ̀ léra kí ẹlòmíì lè wo ohun tó wà lórí tábìlì rẹ̀. Ẹ má lọ fi ìyẹn jókòó sílé ní August lásán. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò ni kí ẹ gbé e lé. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ látìgbà tí wọ́n bá ti ń ṣe ètò ìsinmi ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ẹni tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ tó kù díẹ̀ yóò bá ẹni méjì tó ti gba ọjọ́ yẹn. Ìparí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta àti ìparí ọdún, kò sí ọ̀gá báńkì tí yóò fún yín.

Bí ẹ bá ń lọ bá ọ̀gá, ẹ má sọ pé "Sà, mo fẹ́ lọ kàwé" kí ẹ dákẹ́. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni ta ni yóò ṣe iṣẹ́. Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Túsìdè àti Tọ́sìdè ni kíláàsì wà. Mo fẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní aago méje ààbọ̀ lọ́jọ́ méjèèjì kí n lè kúrò ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Lágbájá ti gbà láti máa dá àwọn oníbàárà mi lóhùn lẹ́yìn ìgbà yẹn, èmi náà yóò máa bá a ṣe ti Mọ́ńdè." Bí ó bá gbà, ẹ fi ímeèlì kúkúrú dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì tún ohun tí ẹ jọ sọ kọ síbẹ̀. Wọ́n lè gbé ọ̀gá yẹn lọ sí ẹ̀ka míì lóṣù tó ń bọ̀.

Bí ilé-iṣẹ́ bá ní àwọn yóò san owó ilé-ìwé, ẹ má tíì jó. Ẹ wo ìwé àdéhùn: ọdún mélòó lẹ gbọ́dọ̀ fi sìn wọ́n? Ìgbà wo ni kíkà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n sanwó ni àbí ọjọ́ tí ẹ parí? Bí wọ́n bá dá yín dúró ńkọ́, ta ni yóò san án? Bí ẹ bá fìdí rẹmi ńkọ́? Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ṣé gbèsè náà ń dín kù bí oṣù ti ń lọ? Ká ní wọ́n san mílíọ̀nù 3 náírà, àdéhùn jẹ́ oṣù 24, ẹ sì kúrò lẹ́yìn oṣù 18. Bí ó bá ń dín kù, 750,000 lẹ máa dá padà. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìwé, mílíọ̀nù mẹ́ta gbáko ni.

Akọ̀wé_Marina:
Háà. Ẹ ṣeun sà. N kò ronú kan ọ̀rọ̀ ọjọ́ 10 yẹn rí.

Olùkọ́_Alẹ́:
Ẹ bẹ̀rẹ̀ transcript (àkọsílẹ̀ gbogbo máàkì yín ní yunifásítì) lónìí, kí fọ́ọ̀mù máa tẹ̀ lé e. Ilé-ìwé tí ẹ ti jáde ló ń fi í ránṣẹ́ tààrà sí ilé-ìwé tuntun, kò sì sí ohun tí ẹ lè fi sáré rẹ̀ lóṣù tí wọ́n fẹ́ ti ìforúkọsílẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà tiyín náà. Ìwé tó kù: èsì WAEC tàbí NECO tó ní kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, ìwé NYSC tàbí ti ìyọ̀ǹda, àti àwọn tí yóò jẹ́rìí yín, tí ọ̀kan nínú wọn sábà máa ń jẹ́ olùkọ́ yín àtijọ́. Ẹni tó ní HND, ibi púpọ̀ ni yóò ní kí ó kọ́kọ́ gba PGD (dípúlómà tó ṣáájú oyè kejì), torí náà kí ó fi ọdún yẹn kún ìṣirò rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Bí orúkọ bàbá bá wà lórí ìwé ẹ̀rí tí orúkọ ọkọ sì wà lórí fọ́ọ̀mù, wọn yóò dá a padà. Ìwé ìgbéyàwó, ìbúra kóòtù àti ìkéde inú ìwé ìròyìn ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Ó rọrùn jù láti fi orúkọ orí ìwé ẹ̀rí forúkọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá wọlé, ẹ mọ òfin ìdá 75. Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ni kò ní jẹ́ kí ẹ jókòó ṣèdánwò bí ẹ kò bá wá sí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kíláàsì. Bí sáà bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 13, ẹ lè pàdánù mẹ́ta, ẹ ṣì wà ní ìdá 76.9. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹ ti bọ́ sí 69. Nítorí náà, "mo lè sá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan" ní iye. Mẹ́ta ni. Ẹ má na mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ìdajì sáà tó pé, torí ìdajì kejì ni òpin oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ti ọ́fíìsì máa ń bọ́ sí.

Ẹ má fojú di máàkì inú sáà náà. Ibi tó bá jẹ́ 30 tàbí 40, òṣìṣẹ́ lè kó o jọ díẹ̀díẹ̀ láìgbọ̀n. Ẹni tó bá ti ní 27 nínú 30, tí àṣeyege sì jẹ́ 50, 23 péré nínú 70 ló ń wá lọ́jọ́ ìdánwò. Ẹni tó bá ní 12 ń wá 38. Ìyàtọ̀ yẹn ni oorun àti àìsùn.

Kí ẹ sì mọ̀ pé kàlẹ́ńdà yunifásítì ìjọba lè yí. Ìyanṣẹ́lódì ASUU ọdún 2022 bẹ̀rẹ̀ ní 14 February, ó parí ní 14 October. Ẹ má bá ọ̀gá yín ṣe àdéhùn ọjọ́ ìparí tí ẹ kò lè mú ṣẹ.

Ará_NOUN:
Ṣé dandan ni kí ẹ lọ sí Akókà ni? Ẹni tí ìṣirò wákàtí rẹ̀ kò bá jáde, kí ó wo NOUN, yunifásítì ìjọba tí èèyàn ń kà láti ilé. Ìwé kọ́ọ̀sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ lè wà á jáde kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ rárá láti mọ bó ṣe le tó. TMA (iṣẹ́ inú sáà tí wọ́n ń fún ní máàkì) jẹ́ 30, ìdánwò jẹ́ 70.

Ohun tó ń gbá àwọn èèyàn mú níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀kọ́. Àkọ́kọ́, TMA ní ọjọ́ tí wọ́n ń tì í. Bí ó bá tì, òdo ni. Ẹ má dúró di alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn tí gbogbo Nàìjíríà ń wọlé. Ìkejì, ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò. Ẹ lè san ti kọ́ọ̀sì, kí ẹ ṣe TMA pé, kí ẹ dé gbọ̀ngàn kí orúkọ yín má sí níbẹ̀. Ìkẹta, ìdánwò lè bọ́ sí àárín ọ̀sẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìsinmi tí Ọ̀gá_Òṣìṣẹ́ sọ kàn yín síbẹ̀.

Olùkọ́_Alẹ́:
Mo fara mọ́ Ará_NOUN, pẹ̀lú ìkìlọ̀ kan. Ẹni tí kì í kàwé bí kò bá sí ẹni tó ń wò ó, kí ó wá ibi tí kíláàsì wà. Ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ bóyá àwọn èèyàn tí ẹ máa bá pàdé lẹ ń wá. Bí ó bá jẹ́ wọn lẹ ń wá, ilé-ìwé bíi Lagos Business School ní Ajah ní MBA tí wọ́n ṣe fún àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Owó ibẹ̀ wúwo, ẹ sì wo bí Ajah ṣe jìnnà sí Ìkòròdú.

Ònkà_Owó:
Ẹ jẹ́ ká sọ kọ́ọ̀sì tó ń dẹ́rù ba àwọn tí kò ka ìṣirò owó rí. Kò ṣeé rọ́ sórí lọ́sẹ̀ ìdánwò. Ìṣirò kan lójoojúmọ́, ìṣẹ́jú 20, ju wákàtí mẹ́fà ọjọ́ Sátidé lọ.

Irú rẹ̀ nìyí. Ẹ fi 1,000,000 náírà sí okòwò tí yóò mú 400,000 wá lópin ọdún kọ̀ọ̀kan fún ọdún mẹ́ta. Lójú, èrè 200,000 ni. Ṣùgbọ́n owó ọdún tó ń bọ̀ kò tó ti òní. Bí a bá fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún dá a padà sí iye tòní, 400,000 ọdún kìíní jẹ́ 333,333 lónìí, ti ọdún kejì jẹ́ 277,778, ti ọdún kẹta jẹ́ 231,481. Àpapọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 842,593. Àdánù 157,407 ni okòwò yẹn.

Bí ẹ bá lo Excel, àṣìṣe kan wà tí ìdajì kíláàsì máa ń ṣe. Ká ní −1,000,000 wà ní B1, 400,000 mẹ́ta wà ní B2 sí B4. NPV ni Excel ń pe irú ìṣirò yìí. Èyí tó tọ̀nà ni =NPV(20%,B2:B4)+B1. Bí ẹ bá kó B1 mọ́ ọn nínú àkámọ́, Excel yóò rò pé òpin ọdún kìíní lẹ tó ná mílíọ̀nù náà, yóò sì gbé −131,173 jáde. Kò ní kígbe, kò ní yí àwọ̀. Ẹ fi ọwọ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ẹ sì ra ẹ̀rọ ìṣirò tí wọ́n gbà láyè nínú ìdánwò. Fóònù kò wọlé.

Ti owó ilé-ìwé: ẹ má ka ti ilé-ìwé nìkan. Owó ìgbàwọlé, ìwé, ọkọ̀, oúnjẹ alẹ́ ìta, títẹ̀ àti dídì iṣẹ́ ìwádìí, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ rò pọ̀, kí ẹ pín in sí iye oṣù. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ọ́fíìsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wo báńkì. Bí ẹ bá ń dá àjọ, ẹ bẹ olórí àjọ kí ó fún yín ní ìpín oṣù tí sáà ń wọlé.

Bàbá_Ìnfátà:
Kúkúrú ni tèmi. Ẹ wa ìwé PDF sórí fóònù ní ọ́fíìsì, kí ẹ má dúró de iná ilé. Kíláàsì orí Zoom: ẹ pa fídíò tiyín, ẹ wọlé pẹ̀lú fóònù bí iná bá lọ. Ohùn nìkan kò tó 100MB ní wákàtí kan, fídíò lè jẹ ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà mẹ́wàá. Síìmù méjì, nẹ́tíwọ̀kì méjì.

Ìyá_Ìbejì_Ìkòròdú:
Ẹ má gbàgbé ilé o. Ẹ lẹ ọjọ́ ìdánwò mọ́ ara fíríìjì kí ẹnìkejì yín àtàwọn ọmọ máa rí i. Ẹ bá ẹnìkejì yín yan alẹ́ kan tí ìwé kò ní wọ̀, kí ẹ sì pa á mọ́.

Ọ̀rọ̀ òde ṣíṣe: Sátidé ni kíláàsì, Sátidé náà ni ìnáwó. Ẹ sọ fún ẹbí ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí wọ́n tó pín aṣọ ẹbí. Ẹ ra aṣọ, ẹ fi owó ránṣẹ́, ẹ pe ìyá ọkọ yín fúnra yín láti tọrọ gáfárà. Wọ́n á kùn, wọ́n á sì gbà. Ẹni tí kò rà, tí kò pè, tí kò wá, òun ni wọ́n ń mú.

Akọ̀wé_Marina:
Ẹ ṣé gan-an ni. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ àti iṣẹ́ ìwádìí ńkọ́? Mo gbọ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń há sí.

Olùkọ́_Alẹ́:
Iṣẹ́ ẹgbẹ́: ẹ wá àwọn tí ọ́fíìsì tàbí ilé wọn wà nítòsí yín, kí ẹ má kàn wá ọ̀rẹ́. Ẹ̀yin márùn-ún, ìwé Google Docs kan, ẹnì kan ṣoṣo tó ń kó o pọ̀. Ẹ fi ọjọ́ ti inú ẹgbẹ́ sí wákàtí 48 ṣáájú ọjọ́ olùkọ́. Ẹni tó bá ń fi èyí tí kọ̀ǹpútà kọ fún un ránṣẹ́ láìkà á, gbogbo yín ni yóò kó bá.

Iṣẹ́ ìwádìí: ẹ mú àkòrí láti inú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó kọ orí kìíní. Bí ọ́fíìsì bá kọ̀ lẹ́yìn orí kẹta, ẹ ti pàdánù oṣù mẹ́rin. Ẹ má fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ oníbàárà. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 wà, òfin báńkì pàápàá wà. Ìwé ìbéèrè fún òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ yín, láìsí orúkọ, mọ́ jù.

Fọ́múlà Yamane tí gbogbo ayé ń lò láti mọ iye èèyàn tó yẹ kó dáhùn ìwé ìbéèrè: n = N/(1 + Ne²). N ni gbogbo òṣìṣẹ́, e ni àyè àṣìṣe, n ni iye tí ẹ nílò. Bí òṣìṣẹ́ bá jẹ́ 400, tí àyè àṣìṣe sì jẹ́ 0.05, yóò jẹ́ 400 pín sí 2, ìyẹn 200. Ẹ pín 250, torí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò padà. Bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá bá dá a padà, 200 yín ti pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó bí ẹ bá fẹ́ fọ̀rọ̀ wá ọ̀gá 12 lẹ́nu wò. Ó ti sú mi láti máa rí i níbi tí kò ti bá a mu.

Ẹ mú nǹkan tí ẹ ti kọ lọ́wọ́ nígbàkigbà tí ẹ bá ń lọ rí alábòójútó yín, ojú ewé méjì péré ì báà jẹ́. Ẹni tó bá wá láìmú nǹkan kan dání, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni yóò tún rí i.

Akọ̀wé_Marina:
Ìbéèrè ìkẹyìn. Bí iṣẹ́ bá gbé mi lọ sí ìlú míì láàárín sáà, ṣé mo lè dá a dúró kí n padà wá?

Olùkọ́_Alẹ́:
Bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ bá kọ lẹ́tà kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Olórí ẹ̀ka ni yóò gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ (Postgraduate School), pẹ̀lú lẹ́tà ọ́fíìsì tó fi hàn pé wọ́n gbé yín lọ. Ẹ má dákẹ́ kí ẹ má wá. Àìwá láìsí lẹ́tà, ibi púpọ̀ ni wọ́n ti ń kà á sí ìfìdírẹmi, ọdún tí wọ́n gbà yín láyè láti parí kò sì ní dúró. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí.

Ònkà_Owó:
Kí ẹ sì tẹ gbogbo rìsíìtì Remita (ojú òpó tí ẹ ti ń sanwó ilé-ìwé) jáde pẹ̀lú RRR, nọ́ńbà ìsanwó rẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹ san án. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gba ìwé ẹ̀rí, wọn yóò béèrè ti sáà kìíní.